Ẹ Bi Wá: 85mm àbí Súùmù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òde ìgbéyàwó ni mò ń yà jù ní Àkúrẹ́ níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà Sony full-frame (tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ fẹ̀), n ò tíì ní lẹ́ǹsì gidi. Owó ọwọ́ mi tó ra lẹ́ǹsì 85mm f/1.4 kan ṣoṣo (èyí tó ń fa nǹkan sún mọ́ni, tí kò ṣeé yí), tàbí kí n fi ra súùmù 28-75mm f/2.8 (èyí tó ṣeé yí láti orí 28 dé 75) àti 85mm f/1.8. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní f/1.4 ni kí n rà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. *Olùkàwé kan, Ìjàpò*

Ìdáhùn: Ẹ ra méjì yẹn. Bí owó ò bá sì pé lẹ́ẹ̀kan náà, súùmù ni kó ṣáájú. Ọ̀gá yín ò parọ́, f/1.4 dára (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fẹ̀ tó), ṣùgbọ́n òde ni iṣẹ́ yín, àyè ló sì máa ń kọ́kọ́ wọ́n lóde. Kí 85mm tó lè gba èèyàn kan láti orí gèlè dé bàtà, ẹ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó mítà 5. Bí ẹbí ìyàwó bá tò lọ ní fífẹ̀ mítà 5, ẹ máa fà sẹ́yìn tó mítà 12. Nínú gbọ̀ngàn tí tábìlì ti kún, tí àwọn tó ń náwó fún ìyàwó ti dí ojú ọ̀nà, ibo lẹ fẹ́ gbà? Súùmù yẹn ní 28mm á kó gbogbo wọn láti nǹkan bíi mítà 4.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ibi tí f/2.8 ti ń béèrè ISO 6400 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ ga; bó bá ga jù, àwòrán á kún fún àmì bí iyanrìn), f/1.8 á ṣe é ní nǹkan bíi 2500, f/1.4 ní 1600. Èrè ńlá ni láti 6400 bọ́ sí 2500. Láti 2500 sí 1600, oníbàárà yín ò ní rí i.

Ẹ wá wo ibi tó ń mọ́ gaara nínú àwòrán. Bí ẹ bá dúró ní mítà 2 sí ìyàwó pẹ̀lú 85mm, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4.5 lọ ní f/1.4. Ó tó 6 ní f/1.8, ó tó 9 ní f/2.8. Kí ìyàwó kàn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹyinjú tó sún mọ́ yín á mọ́, èkejì á ti ṣe bàìbàì, ìyùn ọrùn rẹ̀ kò sì ní hàn dáadáa mọ́.

Ìwúwo ńkọ́? 85mm f/1.8 ti Sony jẹ́ 371 gíráàmù. f/1.4 GM (ọ̀wọ́ lẹ́ǹsì tó ga jù ní Sony) ti ọdún 2016 jẹ́ 820, ẹ̀dà kejì tó jáde ní 2024 sì jẹ́ 642. Ẹ pín 85 sí ọ̀nà 1.8, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé fẹ̀ tó mílímítà 47. Ẹ pín in sí 1.4, ó di 61. Gíláàsì á fẹ̀ sí i, á nípọn sí i, mọ́tò fókọ́ọ̀sì náà á ní ẹrù púpọ̀ láti tì.

f/1.8 náà ní àbùkù tirẹ̀. Lára léèsì funfun tàbí aṣọ tó ń dán nínú oòrùn, ẹ lè rí àwọ̀ elésè àlùkò níwájú ibi tó mọ́, àwọ̀ ewé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dín ihò rẹ̀ kù dé f/2.8, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Àmọ́ ìlà dúdú tó ń la àwòrán kọjá lábẹ́ iná LED kì í ṣe ẹ̀bi lẹ́ǹsì kankan. Iná wa 50Hz ni, ó ń ṣẹ́jú, nítorí náà ẹ fi shutter (àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣí gba ìmọ́lẹ̀) sí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé àwọn lẹ́ǹsì mirrorless (kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú) tuntun ń wọ́ àwòrán, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn bò ó? *Akẹ́kọ̀ọ́ kan, FUTA*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Sigma 85mm f/1.4 Art tí wọ́n ṣe fún DSLR (kámẹ́rà tó ní dígí nínú) jẹ́ 1130 gíráàmù. Ti mirrorless tó jáde ní 2020 kò ju nǹkan bíi 630 lọ, torí pé wọ́n fi wíwọ́ sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti tún ṣe. Ẹ má pa lens profile (ohun tó ń tún wíwọ́ náà ṣe) nínú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe. Àwòrán ojú kò ní jìyà rẹ̀. Ibi tó ti ń dunni ni etí àwòrán: títún un ṣe ń fa igun, bó bá sì ń tan igun tó ṣókùnkùn, ariwo ISO (àmì bí iyanrìn yẹn) á yọ níbẹ̀. Ẹ má to èèyàn dé etí fírémù.

Ìbéèrè: Lẹ́ǹsì Nikon 50mm f/1.8D mi kì í fókọ́ọ̀sì lórí kámẹ́rà Z pẹ̀lú FTZ (ohun tó ń so lẹ́ǹsì àtijọ́ mọ́ Z). Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? *Oǹdó*

Ìdáhùn: Rárá o. Lẹ́ǹsì yín yìí kò ní mọ́tò nínú, ara kámẹ́rà ló ń yí i, FTZ kò sì ní mọ́tò. Ọwọ́ lẹ máa fi fókọ́ọ̀sì. AF-S, èyí tó ní mọ́tò nínú, ni kí ẹ wá.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n kan fẹ́ ta 70-200mm f/2.8 àlòkù fún mi. Kí ni kí n yẹ̀ wò? *Ìyá Ìbejì, ayafọ́tò, Oǹdó*

Ìdáhùn: Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ, Mà. Ẹ ṣí ìdérí iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ tan iná náà wọ inú rẹ̀ ní ìdábùú, kì í ṣe tààrà. Eruku díẹ̀ kò burú. Ohun tó bá ta bí òwú aláǹtakùn, fungus ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ yà á ní f/2.8 ní 70, 135 àti 200. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí igun kan bá ṣe bàìbàì, ẹ dorí kámẹ́rà kodò, ẹ tún un yà. Bí àbùkù náà bá wà ní igun kan náà lára fírémù, lẹ́ǹsì ló ní àbùkù, bóyá ó ti já bọ́ rí. Bó bá dúró sí ibì kan náà lára ògiri, kámẹ́rà ni kò dojú kọ ògiri dáadáa.

Ẹ tún bi í bóyá ó ń gùn jáde bí ẹ bá sún un. Canon RF 70-200mm f/2.8 ti 2019 ń gùn jáde, ó sì ń wọ báàgì kékeré. Ti Sony kì í gùn, àyè tó ń gbà kì í yí padà. Èyí tó ń gùn ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, nítorí náà ẹ máa nu ara rẹ̀ kí ẹ tó sún un padà nígbà ọyẹ́. Nígbà òjò, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú báàgì aláwọ, ẹ kó o sínú abọ́ rọ́bà tó ní ìdérí líle pẹ̀lú silica gel tó ń fa ọ̀rinrin.

Bó bá jẹ́ fungus lẹ rí, ẹ má rà á, bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Ó ń jẹ ohun tí wọ́n kùn sójú gíláàsì, ibi tó bá ti jẹ kì í padà sípò lẹ́yìn tí wọ́n bá nù ún.