Ìbéèrè Àgbẹ̀: Kòkó tí kò so, odò tí ẹja ń kú sí, ọ̀yà àti erin

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí fara jọra: àgbẹ̀ fẹ́ kí oko mọ́ tónítóní, kí ẹ̀dá kankan má sì bá òun jẹ níbẹ̀. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú kí àyè lè gba ìdáhùn.

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Éékà mẹ́ta ni oko kòkó mi. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gé gbogbo igi ńlá inú rẹ̀, mo hú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dànù, oògùn apakoríko ni mo sì ń fín sábẹ́ rẹ̀. Òdòdó ń yọ rẹpẹtẹ, ọmọ kò dúró. Ajílẹ̀ wo ni kí n rà? (Àgbẹ̀ kòkó, Ilé-Olújì)

Bàbá wa, ẹ má tíì náwó sórí ajílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń bọ́. Bí òdòdó fúnra rẹ̀ bá ń rẹ̀ dànù lọ́jọ́ kejì tó là, tí ẹ kò rí ọmọ wẹ́wẹ́ lára igi, a jẹ́ pé kò sí ohun tó gbé ìyẹ̀fun òdòdó kan dé ara èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti yọ tó ìka, tó wá pọ́n, tó dúdú, tó gbẹ mọ́ ara igi, ebi tàbí òùngbẹ ló ń ṣe igi náà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ kàn.

Ohun tí ẹ kọ yìí jọ ti àkọ́kọ́. Oyin kọ́ ló ń bá kòkó ṣe iṣẹ́ yẹn. Kòkòrò wínníwínní kan ni, irú kantíkantí, kò gùn ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Inú ewé jíjẹrà, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rà àti èèpo kòkó tó rin ló ń yé sí. Àní nínú oko tó dára, nínú 100 òdòdó, èyí tó ń di ọmọ kì í sábà ju 5 lọ. Ẹ wá hú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn gbẹ ilẹ̀, ẹ sì fi oògùn pa ohun tó ń bo ilẹ̀. Ibi tí kantíkantí ń bí sí ni ẹ gbá mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí gígùn ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ la á sí méjì, ẹ kó o jọ sábẹ́ ìbòòji láàárín igi kòkó, bí òkìtì mẹ́wàá ní éékà kan, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi tuntun kún un bó bá ti ń rà. Ẹ máa fọ́n èèpo kòkó tó yá gágá ká, ṣùgbọ́n ẹ kó gbogbo ọmọ tí àrùn ti sọ di dúdú jáde kúrò lóko, torí àrùn yẹn á ti ilẹ̀ padà gun igi. Ẹ fi àdá ṣán koríko dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ sùn sílẹ̀. Bí kòkó bá ti bo ara wọn lórí, koríko abẹ́ rẹ̀ kì í tún le mọ́. Òwúrọ̀ kùtù ni kantíkantí ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí náà, bí ẹ bá máa fín oògùn kòkòrò, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi sí.

Ẹ tún gbin igi padà: mẹ́fà sí méje ní éékà kan, kí àárín ìkan sí èkejì tó bí mítà 24. Afárá, ìdígbó, ìrókò àti àyúnrẹ́ dára, torí orí wọn ga ju kòkó lọ. Ẹ má fi àràbà tàbí obì sí i. Àwọn méjèèjì lè gba àrùn kòkó tó ń mú ẹ̀ka wú sílé. Kí ìbòòji má sì pọ̀ jù: oko tí atẹ́gùn kò fẹ́ sí ni àrùn ọmọ dúdú ń fẹ́ràn. Kí igi tuntun wọ̀nyí tó ga, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dí àlàfo.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ni mò ń gbìn létí odò. Mo máa ń fín oògùn dé etí omi kí ilẹ̀ má ṣòfò. Láìpẹ́ yìí ẹja ń léfòó, ọ̀pọ̀lọ́ kò sì ké mọ́. Oògùn tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, èyí tí mo rà kò pa koríko dáadáa, mo wá ń fi ìdérí kún ìdérí. (Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìsẹ́yìn)

Ìyá wa, ẹ dẹ̀yìn lẹ́yìn fífi ìdérí wọn oògùn ná. Ó jọ pé paraquat, oògùn apakoríko kan, ni ẹ ń lò tẹ́lẹ̀. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024, atrazine, tí òun náà jẹ́ apakoríko, tẹ̀ lé e lọ́dún 2025. Bí ẹ bá bá èyíkéyìí pàdé lábẹ́ káńtà, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Paraquat a máa jó koríko láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Glyphosate, apakoríko tó jọ pé ẹ rà báyìí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: gbòǹgbò ló ń wọ̀ lọ, ó lè tó ọjọ́ 7 sí 14 kí koríko tó pọ́n. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kì í dúró, wọ́n á tún un fín, owó àti omi á jọ bàjẹ́.

Omi pẹ̀lú ń bà á jẹ́. Omi odò tó ní ẹrẹ̀ á so oògùn náà mọ́ra, kò sì ní lágbára mọ́. Omi tó mọ́ gaara ni kí ẹ fi pò ó, kí òjò má sì rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà. Kí ẹ tó gbin nǹkan ni kí ẹ fín in, torí kò mọ ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí koríko.

Ẹ wọn oògùn báyìí. Ẹ bu omi lásán lítà 5 sínú pọ́ńpù, ẹ fi fín ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 10 bí ẹ ṣe máa ń rìn, kí ẹ wo iye tó lọ. Bó bá jẹ́ lítà 2, ìlọ́po 40 rẹ̀, ìyẹn lítà 80, ló máa kárí éékà kan: pọ́ńpù onílítà 16 márùn-ún. Bí àkọlé ike bá ní lítà kan àbọ̀ fún éékà, mìlílítà 300 ló bọ́ sí pọ́ńpù kan. Ife ìwọ̀n ni kí ẹ lò, ìdérí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní ti odò, ẹ fi mítà 10 sílẹ̀ láti etí omi láìfín, mítà 20 bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ̀ sódò. Kí eèsún àti igbó kékeré wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pò mọ́ glyphosate kó lè lẹ̀ mọ́ ewé ló ń ṣe ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹja ní jàǹbá jù. Ẹ má fọ pọ́ńpù sódò, ẹ má fi pọ́ńpù bu omi níbẹ̀. Ẹ ṣan ike lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ da ìṣàn náà padà sínú pọ́ńpù, kí ẹ sì lu ike ní ihò, kí ẹnikẹ́ni má baà fi rọ epo. Ẹ tún bi àwọn apẹja òkè odò léèrè. Gamalin 20 tí wọ́n ń fín sí kòkó láyé ọjọ́un, àwọn kan fi ń pa ẹja. Májèlé tí ń jẹ́ lindane ló wà nínú rẹ̀, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm sì ti kọ̀ ọ́ láti 2009. Títí ẹ ó fi mọ ohun tó ń pa ẹja, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu omi yẹn tàbí jẹ ẹja tó léfòó.

Ọ̀yà ti jẹ 60 nínú ọ̀pẹ 200 tí mo gbìn. Aládùúgbò oko mi ní kí n po Furadan, oògùn apakòkòrò, mọ́ gààrí. (Ọ̀dọ́ àgbẹ̀, Òkìtìpupa)

Rárá o. Ọ̀yà tó bá jẹ májèlé kì í kú sójú kan, ẹlòmíràn á rí i, ojú ọ̀nà ló máa ti tà á, inú ìkòkò ènìyàn ló máa parí sí. Ajá, àwòdì àti òwìwí tó bá jẹ òkú rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Òwìwí tí a ń lé bí ẹyẹ búburú yìí, eku oko ni oúnjẹ rẹ̀ lálaalẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbé.

Àwọ̀n wáyà ni ẹ nílò. Kí ihò rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, kí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ gé e ní gígùn bíi mítà kan, ẹ ká a yí ọ̀pẹ ká, ẹ ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ fi èèkàn méjì dè é. Aláìbọlẹ̀ ni ọ̀yà máa ń fi imú gbé sókè. Ẹ ro ìdí ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan yíká ní mítà kan, torí ọ̀yà kò fẹ́ràn gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ má dáná sun gbogbo igbó tó kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí gbogbo koríko bá ti jó tán, ọ̀pẹ yín nìkan ló ṣẹ́ kù ní tútù. Ẹ yọ wáyà kí imọ̀ tó há sínú rẹ̀.

Àdán ń sùn lórí ìrókò ẹ̀bá oko ìbẹ́pẹ wa. Ṣé kí a gé igi náà? (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ má gé e. Àdán ló ń gbé kóró ìrókò lọ síbi tó máa ti hù. Ẹ ká ìbẹ́pẹ nígbà tí ilà pupa àkọ́kọ́ bá hàn lára rẹ̀, kó parí pípọ́n nílé. Èyí tó ti rọ̀ ni àdán ń wá. Èyí tí àdán bá ti bù jẹ, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ jẹ ìyókù.

Erin ń wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa ní J4, nínú igbó Ọmọ. A fẹ́ fi kòkó kún un, ká sì ṣí igbó sí i lọ sápá ìlà-oòrùn. Kí la lè ṣe sí erin? (Àwọn àgbẹ̀ J4)

A ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Inú igbó ìjọba Ọmọ ni ẹ wà, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé láti 1977. Àwọn erin igbó tó kù níbẹ̀ kéré, ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn látayébáyé ni ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. A kò lè gbà yín níyànjú láti ṣí igbó sí i. Kòkó ibẹ̀ kò sì ní lọ́jà bí ẹ ṣe rò: òfin tuntun ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, kò ní gba kòkó tó ti orí ilẹ̀ tí a gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 oṣù kejìlá 2020 wá, tàbí èyí tí a gbìn láìgba àṣẹ ìjọba. Ẹni tó ń rà á máa béèrè ibi tí oko wà gan-an.

Fún oko tó ti wà, ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò létí igbó, ẹ fi ata rọ́pò rẹ̀. Erin kì í jẹ ata. Ní Kẹ́ńyà, ọgbà ilé oyin ni wọ́n ń lò: wọ́n á so ilé oyin mọ́ wáyà láàárín òpó, mítà 10 síra wọn, ní gíga àyà ènìyàn, débi pé bí erin bá ti wáyà kan, gbogbo ilé oyin á mì, oyin á sì tú jáde. Òfìfo ilé oyin kì í dẹ́rù bà á pẹ́, nítorí náà ẹ fi ìda oyin pa inú rẹ̀ kí oyin lè tètè wọlé, ẹ gbé omi sí tòsí lẹ́ẹ̀rùn, kí ẹ sì gé ẹ̀ka tàbí koríko tó bá kan wáyà kí èèrà má gba orí rẹ̀ wọlé. Bí erin bá dé lóru, ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Ẹ má sún mọ́ ọn, pàápàá bó bá ní ọmọ lẹ́yìn.