Ọkọ̀ Òfurufú Tí Kò Fò Púpọ̀ Kì Í Ṣe Ọkọ̀ Tuntun

ÌBÉÈRÈ: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀gá mi fẹ́ ra ọkọ̀ òfurufú àdáni, Gulfstream G550 tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2008, kí wọ́n lè máa bá a lọ láti Èkó sí London láì dúró lọ́nà. Kò tíì fò púpọ̀, láti 2022 ló sì ti wà nílẹ̀. Alágbàtà ní bíi tuntun ló rí, pé àyẹ̀wò olówó gọbọi kò pọn dandan, kí a tètè san owó àsansílẹ̀ sí àkáǹtì òun. Bí ọ̀gá ò bá lò ó, a ó máa fi gbé èrò. Ṣé ká rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ "kò tíì fò púpọ̀" yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni àwọn alágbàtà fi ń kó àwọn èèyàn wa sí gbèsè, ó sì ń dùn mí wọra.

Nǹkan mẹ́ta là ń kà lára ọkọ̀ òfurufú: wákàtí tó ti fò, iye ìgbà tó ti balẹ̀, àti oṣù tó ti lò láyé. Ó fò o, kò fò o, oṣù ń lọ. G550 ní àyẹ̀wò ńlá kan ní oṣù 96, òmíràn tún wà ní oṣù 192. Ẹ ṣírò rẹ̀: èyí tí wọ́n ṣe ní 2008 pé oṣù 192 ní 2024, nígbà tí tiyín ti wà nílẹ̀. Ta ló ṣe àyẹ̀wò yẹn? Níbo? Ìwé rẹ̀ dà? Bí wọn ò bá ṣe é, ọ̀gá yín ni yóò san án.

Ìjókòó gan-an tún ń ba ọkọ̀ jẹ́. Rọ́bà tó ń dí ojú ibi tí epo háídírọ́líìkì (epo tó ń fún ẹsẹ̀ àti bíréèkì ọkọ̀ lágbára) ń gbà kọjá á gbẹ, á sán, epo á máa jò. Omi á rọra ṣẹ́ jọ sísàlẹ̀ táǹkì epo, ohun dúdú tó ń yọ̀ á hù nínú kẹrosíìnì tí ọkọ̀ ń lò, á sì máa jẹ ara táǹkì. Aluminium tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ kì í dógùn-ún pupa bí irin. Ìyẹ̀fun funfun ló ń yọ lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀ ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ náà. Omi àti tíì tó ń dà sílẹ̀ níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ. Ìnáwó ńlá lè wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó mọ́ tónítóní.

Ẹ́ńjìnì rẹ̀ méjèèjì, BR710 ti Rolls-Royce ni. Bí wọ́n bá pa wọ́n tì, ìlànà wà fún bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tọ́jú wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú logbook, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí Rolls-Royce fúnra wọn, kí ẹ béèrè bóyá ẹ́ńjìnì náà wà nínú CorporateCare, ètò àtúnṣe ẹ́ńjìnì tí oníọkọ̀ ń san owó sí lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá fò, àti bóyá gbèsè wà nílẹ̀. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, títún ẹ́ńjìnì kan ṣe lè wọ mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ tí a ka ọjọ́ ayé wọn, tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bó bá pé, ìwé wọn gbọ́dọ̀ dé ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Bí ìwé bá já láàárín, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí i, bó ti wù kó máa dán tó.

Owó àsansílẹ̀ kì í wọ àkáǹtì alágbàtà. Ọ̀dọ̀ escrow, ẹni àárín tí agbẹjọ́rò yín bá yàn, ló ń wà. Bí N bá ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀; kí wọ́n wádìí gbèsè orí rẹ̀ lọ́dọ̀ FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú, ní Oklahoma City, àti ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ àgbáyé ti àdéhùn Cape Town, níbi tí wọ́n ń kọ ẹ̀tọ́ àti gbèsè orí ọkọ̀ òfurufú sí, tó wà ní Dublin.

Ti gbígbé èrò: PNCF, ìwé-àṣẹ tí NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ń fún oníọkọ̀ àdáni, kò gbà kí ẹ gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. AOC, ìwé-àṣẹ iléeṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé èrò, ni ẹ nílò fún ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ London nìkan, nǹkan bíi 2,700 nautical mile (máìlì tí wọ́n fi ń wọn ìrìn ọkọ̀ òfurufú) ni. G550 ń fò tó 6,750. Challenger 605, ọkọ̀ àdáni mìíràn tó ń fò tó 4,000, á dé ibẹ̀, ìnáwó rẹ̀ á sì fúyẹ́.

Mi ò tíì fojú rí ọkọ̀ yìí o, ọ̀rọ̀ mi kò sì dípò ẹnjiníà tó ní ìwé-àṣẹ lórí G550. Ẹ̀yin ni kí ẹ yan iléeṣẹ́ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí olùtajà má bá yín yàn án. Bí alágbàtà bá ní òun ò gbà kí wọ́n ti kámẹ́rà tín-ínrín bọ inú ẹ́ńjìnì láti wo àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un. Títí di 2021 ni Gulfstream fi ń ṣe G550. Òmíràn wà lọ́jà.