Ìbéèrè Yín: Ẹrù Aládùúgbò, Ìjà Àwọn Ìjọba, àti Sítíkà Ẹ̀yìn Ìwé

Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà Jagun níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ mi ti san owó Ùmúrà fún mi, oṣù méjì sí i ni màá lọ, láṣẹ Ọlọ́run. Obìnrin kan ládùúgbò wa ní àbúrò òun wà ní Jeddah, kí n bá òun gbé èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí dání fún un. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi fárígá. Ó ní tí wọ́n bá rí nǹkan míì nínú rẹ̀, wọ́n á bẹ́ mi lórí. Mo ní ṣebí ìjọba wa wà, ṣebí gbogbo ìjọba ayé ló kórìíra oògùn olóró, wọ́n á jọ wádìí rẹ̀. Ó ní àwọn ìjọba gan-an ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀, pé wọ́n ń lé aṣojú ara wọn. Ṣé òótọ́ ni? Bí gbogbo wọn bá kórìíra nǹkan kan náà, kí ni wọ́n ń jà sí?
Ìyá Rídíwàn, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Rídíwàn, òótọ́ lọmọ yín sọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ṣètò ìwé ìrìnnà kí n tó sinmi nílé, mo sì ti jókòó ti ẹbí tí ẹni wọn há sọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìjà yẹn, ká tó padà sórí ẹ̀gúsí.

Àwọn ìjọba ní àdéhùn. Ní 1988, ní ìlú Vienna, wọ́n jọ ṣe ìwé kan lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé àwọn á máa fún ara wọn ní ẹ̀rí, àwọn á sì máa fa ọ̀daràn lé ara wọn lọ́wọ́. Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní 1989 la dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró nílẹ̀ wa, sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kan náà ló sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ kọ́wọ́ ba olè. Kò sí èyí tó gbà kí aládùúgbò fo ògiri òun wọlé wá mú un.

Ẹ wo Mẹ́síkò. Ní 1985 àwọn oníṣòwò oògùn olóró ibẹ̀ jí Enrique Camarena gbé, òṣìṣẹ́ àjọ oògùn olóró ti Amẹ́ríkà, DEA. Wọ́n dá a lóró títí wọ́n fi pa á. Inú bí Amẹ́ríkà, ta ni inú ò ní bí? Ní 1990 wọ́n ṣètò kí àwọn kan gbé dókítà ọmọ Mẹ́síkò kan tipátipá kọjá ẹnubodè lọ sí Texas, wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú ikú yẹn. Mẹ́síkò figbe ta. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní jíjí tí wọ́n jí i gbé kò ní kí wọ́n má ṣẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ wá dé iwájú adájọ́ ní 1992, adájọ́ ní ẹ̀rí kò tó, kó máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, bí Amẹ́ríkà bá ní kí Mẹ́síkò gba òun gbọ́, wọ́n á kọ́kọ́ rántí dókítà yẹn.

Ti lílé aṣojú tí ọmọ yín sọ, Bòlífíà ló ṣe é. Àwọn ará òkè ibẹ̀ ń jẹ ewé koka bí àwa ṣe ń jẹ obì, wọ́n sì ń fi ṣe ètùtù. Ewé kan náà ni wọ́n ń fi ṣe kokéènì. Evo Morales tó jẹ́ ààrẹ wọn nígbà náà, àgbẹ̀ koka ni tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2008 ó lé aṣojú Amẹ́ríkà, ó ní ó ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Amẹ́ríkà náà lé ti Bòlífíà. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, Morales ní kí DEA náà palẹ̀ mọ́. Èmi ò sọ pé ó jàre tàbí ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé ní ká hú gbogbo igi obì wa, mo mọ ohun tí àwọn àgbà ìlú á sọ fún un.

Àwa náà jẹ níbẹ̀. Ní 1994 Amẹ́ríkà kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn tí kò bá wọn fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí oògùn olóró. Lábẹ́ òfin wọn, ìrànlọ́wọ́ dúró, wọ́n sì ń dìbò lòdì sí ẹ̀yáwó wa ní Báǹkì Àgbáyé. Ní 1999, nígbà tí ìjọba alágbádá ń bọ̀ lọ́nà, ni wọ́n tó dẹwọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fọwọ́ sí i pé a ń ṣe dáadáa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Australia. Ní 2005, bàbá kan níbẹ̀ fura pé ọmọ òun fẹ́ lọ gbé oògùn olóró ní Indonéṣíà. Ó gba ọ̀dọ̀ lọ́yà ta ọlọ́pàá lólobó, torí kí wọ́n lè dá ọmọ náà dúró kó má lọ. Àwọn ọlọ́pàá Australia kò dá a dúró. Wọ́n kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indonéṣíà. Àwọn yẹn mú ọmọ mẹ́sàn-án ní Bali, ọmọ bàbá yẹn wà níbẹ̀. Tiẹ̀ padà di ẹ̀wọ̀n gbére, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2015 wọ́n yìnbọn pa méjì nínú àwọn mẹ́sàn-án náà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n pa lóru ọjọ́ yẹn. Australia pe aṣojú rẹ̀ wálé pẹ̀lú ìbínú, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọlọ́pàá tirẹ̀ ni ìwé ti jáde. Mo máa ń ronú nípa bàbá yẹn. Àwa náà ò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ní 1985, ìjọba ológun tiwa náà yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta lórí oògùn olóró.

Ó wá kan tiyín. Ní oṣù kejìlá 2018 wọ́n mú ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kánò ní Sáúdí, tó bá àwọn ará ilé rẹ̀ lọ ṣe Ùmúrà. Wọ́n rí tramadol, oògùn ìrora kan, nínú báàgì tó ní orúkọ rẹ̀ lára. Kì í ṣe báàgì rẹ̀. Àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú nílé níbí ló lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ó tó oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí NDLEA ti mú àwọn oníṣẹ́ ibi náà tí ìjọba sì gbé ẹ̀rí lọ bá Sáúdí. Ní 2025 ó tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn mẹ́ta kan, wọ́n mú wọn ní Jeddah. Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan bí oṣù kan ni, torí pé NDLEA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Sáúdí ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ wo ìyàtọ̀ oṣù mẹ́rin sí oṣù kan. Ká ní ìjọba méjèèjì ń bínú síra wọn, lẹ́tà tó lè tú èèyàn sílẹ̀ á máa sùn lórí tábìlì, ẹni yẹn á sì máa ka bíríkì ògiri.

Mo mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ó kù díẹ̀ kó kan ìyá mi. Àpótí kan ṣoṣo ló gbé, aláwọ̀ ewé, mo so àjákù àǹkárá mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń wọn ẹrù dá ìwé ìwọkọ̀ òfurufú rẹ̀ padà, mo yí i sẹ́yìn. Sítíkà ẹrù, tó yẹ kó jẹ́ ọ̀kan fún àpótí kan, méjì ló wà níbẹ̀.

Mo ní, “Ọmọ mi, àpótí mélòó ni ìyá mi gbé sórí ìwọ̀n?”

Ó ní, “Ọ̀kan ni, mà.”

“Sítíkà méjì ńkọ́?”

Kò bá mi jiyàn. Ó fi èékánná ṣí èkejì kúrò, ó rún un mọ́ ọwọ́, ó ní àṣìṣe ni. Ìyá mi ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò mọ ohun kan.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, kí Rídíwàn fi fóònù ya àpótí yín kí wọ́n tó gbé e sórí ìwọ̀n àti lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e sí i. Ẹ ka sítíkà. Nọ́ńbà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ara àpótí mu. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn títí ẹ ó fi padà délé. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìrora, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n gbà á ní Sáúdí, kí ẹ sì mú ìwé rẹ̀ dání.

Ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ yẹn, ẹ dá a padà fún aládùúgbò yín. Ó lè jẹ́ èlùbọ́ lásán ni lóòótọ́, kí ọkàn obìnrin náà sì mọ́. Bó bá bínú, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kí ẹ má gbé e.