Èsì: Kí ló dé tí wọ́n fi pa Martian Manhunter tì?

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè ìdí tí Martian Manhunter, akọni kọ́míìkì DC tó wá láti Mars, kò fi ní ìwé oṣooṣù tirẹ̀, nígbà tí Batman ń ní ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé ọkàn. Ọdún 1955 ni J'onn, bí orúkọ rẹ̀ gan-an ṣe ń jẹ́, kọ́kọ́ yọjú, ó sì wà lára àwọn tó dá Justice League, ẹgbẹ́ àwọn akọni DC, sílẹ̀ ní 1960. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún ìtàn ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2011, akọni mìíràn, Cyborg, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Lójú tèmi, ètò títà ló fà á jù. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ́míìkì máa ń sọ iye ẹ̀dà tí wọ́n fẹ́ kí ìwé tó jáde, wọn kì í sì í sábà lè dá èyí tí kò tà padà, nítorí náà ẹ̀rù máa ń bà wọ́n láti béèrè púpọ̀ fún akọni tí òkìkí rẹ̀ kò tó ti Batman. Ẹni tó bá sì ń dúró de àkójọpọ̀, ìyẹn ìwé kan tí wọ́n kó àwọn ẹ̀dà oṣooṣù jọ sí, kì í sí nínú ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn.

Lóòótọ́, ìwé Absolute Martian Manhunter tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025 dára púpọ̀, àmọ́ inú ayé ìtàn mìíràn ló ti wáyé. Kì í ṣe J'onn tiwa, ẹni tó ń gbé ìrora ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó kú sí Mars kiri, tó lè di ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, síbẹ̀ tí iná lásán ń sọ di aláìlágbára. Bí wọ́n bá tún kéde ìwé tirẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè ní kí onísọ́ọ̀bù yín kọ orúkọ yín sílẹ̀.