Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lọ́nà Òkè-Ẹ̀rì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ wo Ẹrẹdò, yàrà àtijọ́ tó wà nínú igbó Òkè-Ẹ̀rì. Ṣé táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tèmi á gbà á? Àbúrò yín, Ṣágámù.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má gbé táyà tẹ́ẹ́rẹ́ débẹ̀. Mílímítà 40 ni tèmi, mo sì máa ń dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ kó lè di ilẹ̀ mú. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ pupa yẹn a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Mo ṣubú níbẹ̀ lóṣù Agẹmọ, ìgbọ̀nwọ́ mi bó. Dúró de ọyẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá dé etí Ẹrẹdò, jọ̀ọ́, sọ̀kalẹ̀, fẹsẹ̀ rìn. Yàrà tó gùn ju kìlómítà 160 lọ, tí àwọn baba wa fọwọ́ gbẹ́! Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ojú táyà lára ògiri rẹ̀. Mú túùbù kan dání.