Èsì: Ṣé kí n fowó sí ibi ìlagi ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá kí ẹ ra ìpín nínú ibi ìlagi ọ̀rẹ́ yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí ọjà pákó kò yá yìí. Tèmi ni pé kí ẹ má tíì sanwó.

Ẹ lọ wo òkìtì pákó wọn ná. Igi arère, tí pákó rẹ̀ rọ̀, kì í fara da ìdúró: bí kò bá tètè gbẹ, á dúdú, kòkòrò á sì wọ̀ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi èékánná họ ọ̀kan níbi tí mo ti ń rajà, ẹ̀búlẹ̀bú ló ń dà sílẹ̀. Owó ti wọgbó nìyẹn, bó ti wù kí ìwé ìṣirò wọn dán tó.

Ẹ bèèrè ibi tí gẹdú wọn ti ń wá àti gbèsè dísù tí ẹ̀rọ ìlagi wọn ń lò. Igi nìkan ò tó: wọ́n gbin igi mẹláínà rẹpẹtẹ sí igbó ìjọba Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní abúlé tí wọ́n ń pè ní J4, fún ilé-iṣẹ́ pépà ní Ìwópin, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn tó ń kọ́lé á tún máa ra pákó. Ẹ dúró dìgbà yẹn.