Àyà Mi Ń Já: Wọ́n Fẹ́ Fọ̀rọ̀ Wá Mi Lẹ́nu Wò ní Igbájà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni mo máa jókòó níwájú àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ Bíbélì ti ìjọ ECWA ní Igbájà. Bí wọ́n bá ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run pè ọ́?", kí ni kí n wí? Mi ò ríran rí, mi ò sì gbóhùn. Oorun ò kùn mí mọ́.
Káfíńtà, Òmù-Àrán

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi lọ fún tiẹ̀, bàtà dúdú ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ kan, pupa sí ìkejì. Gáréèjì la ti rí i. Wọ́n ṣì gbà á.

Má lọ yá ìran oníran. Láti 1941 ni ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ti wà, ìtàn ìpè tí wọ́n ti gbọ́ níbẹ̀ kò kéré. Sámúẹ́lì gan-an tó gbóhùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sáré tọ Élì lọ kó tó yé e. Ámósì ní tiẹ̀, darandaran ni, ó ń tọ́jú igi síkámórè. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ: ẹni tó kọ́kọ́ ní kó o kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, aláìsàn tó o lọ kí tó o ò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Sọ ọ́ sókè fún ọmọṣẹ́ rẹ bẹ́ ẹ ṣe ń fá pákó.

Wọ́n lè bi ọ́ ta ni yóò sanwó. Má ṣe dáhùn pé "Ọlọ́run á pèsè" kó o sì dákẹ́.

Bàtà rẹ ńkọ́? Tanná wò ó.